Gbogbo Wa Kọ́ Ni Ọmọ Balógun



Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye Balógun tí ó ti jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lọ sí Ìbàdàn. Ṣómólú ni kí ó gbà lọ. Ibẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí jù ní Èkó, láti òpópónà Bajulaiye títí dé àwọn ojúlé kéékèèké tí ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dákẹ́, ibẹ̀ ni a sì ti ń tẹ púpọ̀ nínú ìwé ètò ìsìnkú tí a ń pín fún àwọn tí ó wá bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú wọn sí ojú ewé tí a kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé sí. Bí olóògbé náà bá gbó kí ó tó kú, ó ṣeé ṣe kí ẹ kà níbẹ̀ pé baba baba rẹ̀ jẹ́ Balógun, tàbí "akọni jagunjagun", ní ogun Kírìjí tàbí ogun Jálumi, tàbí ní ogun kan tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò rántí dárúkọ. Mo fẹ́ràn láti máa ka àwọn ìwé wọ̀nyí. Títí di òní, n kò tí ì rí èyí tí ó sọ pé baba ńlá ẹnìkan ru ẹ̀tù ìbọn lẹ́yìn ológun, tàbí pé ó dáná ní ibùdó, tàbí pé ó sá padà wálé.

Ìṣirò rẹ̀ kò gún. Balógun kan ṣoṣo ni ìlú kan máa ń ní lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀tún rẹ̀ àti Òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, Àṣípa wà, Ẹ̀kẹrin àti Ẹ̀karùn-ún wà, Sẹ́ríkí náà sì wà, ẹni tí í ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun. (Ọ̀rọ̀ Haúsá ni Sẹ́ríkí, láti ara sarki ni a ti yá a. Ẹ wo bí orúkọ oyè kan ṣoṣo ti tó láti fi hàn pé àwọn ológun wa àti àwọn ará òkè ọya ti jọ ní àjọṣe tipẹ́.) Gbogbo wọn kò ju ìwọ̀nba ènìyàn lọ. Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tí kò joyè kankan wà. Àwọn yẹn ńkọ́? Ṣé wọn kò bímọ ni? Wọ́n bímọ o. Àwa gan-an ni ọmọ wọn, àwa tí a kún Ṣómólú àti Bàrígà, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ìlàjẹ, tí a ń fi owó ara wa tẹ ìwé tí ó pa wọ́n rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe láti wá ọmọ ogun lásán rí, àní ẹni tí ó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, tí kò mọ̀wé kọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ya àwòrán rẹ̀. Àmì tí ó fi sílẹ̀ wà nínú èdè. Àwa ni a ń pa àmì náà rẹ́, iwájú kọ̀ǹpútà àwọn atẹ̀wé sì wà lára ibi tí a ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a mú Kírìjí, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ wa jù. Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn sì para pọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ó kó Ìbàdàn jáde. Wọ́n dó ti ara wọn ní àgbègbè Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn tí ń dún lemọ́lemọ́ láàárín òkè ni a fi sọ ogun náà lórúkọ. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ibùdó kò tú tán títí di 1893. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí wọ́n bí sí ibùdó ní ọdún kìíní ti tó ọkùnrin kí wọ́n tó kó ẹrù wálé.

Èkó kò jókòó lásán ní gbogbo àkókò yìí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti oko ẹrú padà dé, tí wọ́n sì ń ṣòwò ní Èkó, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú kò ṣeé gbà fún wọn. Ọ̀nà ìlà-oòrùn ni wọ́n ń gbà, ojú ọ̀sà títí dé Àtìjẹrẹ àti Ayésàn, kí wọ́n tó gba orí ilẹ̀ lọ sí Òndó. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi ní Ìlàjẹ ní Bàrígà lónìí, tí ó ń wo àwọn ọkọ̀ tí ń gba abẹ́ Afárá Kẹta kọjá, ọ̀sà kan náà ni ó ń wò. Àwọn tí wọ́n wa ọkọ̀ tí ó kó ìbọn wọ̀nyẹn kópa nínú ogun bí ẹni tí ó yìn ín. N kò tí ì rí ìwé ètò ìsìnkú tí ó fi baba awakọ̀ yangàn.

Bẹ́ẹ̀ ni Samuel Johnson, àlùfáà tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń ṣe alárinà láàárín àwọn ibùdó méjèèjì, parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìwé ńlá ni, kò sí ẹni tí ń kọ nípa ogun wa tí kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn olóyè ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ tí kò joyè, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé Johnson, yóò rí ogun, kò ní rí baba.

Èyí kò rí bákan náà ní ibòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ̀ bóyá baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn àgbẹ̀ tí ń gbé ìbọn ṣọ́ ààlà ilẹ̀ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba níbẹ̀, ìwé orúkọ ni yóò wá lọ. Ní ogun 1675 sí 1676 tí wọ́n ń pè ní ogun King Philip ní New England, wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ní láti san owó wọn. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ìjọba Massachusetts tún pín ilẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú wọn àti fún àrólé wọn, wọ́n sì tún kọ orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Owó àti ilẹ̀ ni ó pa orúkọ mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ìtàn jù wá lọ. Àwọn ọmọ wọn wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí baba ńlá wọn ja ogun òmìnira, Daughters of the American Revolution, ti wà láti 1890, ẹni tí kò bá sì lè fi ìwé gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tiwọn náà ní àlébù. Nínú ogun 1675 yẹn, wọ́n kó nínú àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì tà wọ́n lẹ́rú sí àwọn erékùṣù Ìwọ̀-Oòrùn Índíìsì. Ìwé owó oṣù kò ní àyè fún orúkọ ẹni tí a tà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò tún kàn án níwájú.

Àwọn ológun tiwa kì í san owó oṣù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìlú rẹ̀ ti fọ́ yóò sá wọ agboolé ológun kan. Ológun yóò fún un ní oúnjẹ, ìbọn àti ẹ̀tù, òun náà yóò sì máa tẹ̀lé e lọ sógun, wọn yóò jọ pín ìkógun. Ìbàdàn kún fún irú wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìta yóò fi máa fi orúkọ agboolé náà pè é, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ọmọ agboolé náà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé òun ti agboolé Balógun báyìí-báyìí wá, òótọ́ ni ó ń sọ. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ Balógun ni ó wà lára rẹ̀. Mo rò pé ibí ni púpọ̀ nínú àwọn Balógun Ṣómólú ti ṣẹ̀ wá: ẹnìkan kọ orúkọ agboolé sílẹ̀, ẹlòmíràn kà á bí ẹni pé orúkọ baba ni. Àwọn mìíràn ti inú ìjọ wá. Baba tí wọ́n fi jẹ Balógun Ìjọ tàbí Balógun Àdínní láyé àwọn òyìnbó lè di olórí ogun lẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀. (N kò fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ o. Ní Abẹ́òkúta, John Okenla jẹ́ Balógun Onígbàgbọ́, ó sì gbé ìbọn ní tòótọ́ láti bá Dahomey jà.)

Ọmọ ogun tí ó gba owó oṣù tún wà, ìwé orúkọ sì wà fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn tún lọ́jú pọ̀. Ní 1863 ni Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ tí wọ́n ń pè ní Haúsá. Wọ́n wà ní Ìkòròdú ní 1865 nígbà tí wọ́n tú àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti ìlú náà ká. Ó kó wọn lọ sí ogun Àṣáńtì ní 1873. Wọ́n wà ní Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún 1892 nígbà tí Colonel Scott fi ìbọn Maxim ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú tipátipá. Ní 1901, wọ́n di ara àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WAFF. Ẹni tí ó bá ń wá ọmọ ogun tí ó ṣọ́ ààlà ilẹ̀ Èkó fún òyìnbó, àwọn nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín Èkó àti àwọn ìlú òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nínú ìwé WAFF, orúkọ àbísọ ni wọ́n máa ń kọ, wọn yóò sì fi orúkọ ìlú tẹ̀lé e. Belo Akure, ọmọ ogun tí ó jà ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ DCM, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Àkúrẹ́ kì í ṣe orúkọ baba. Ibi tí akọ̀wé gbà pé ó ti wá ni. Ẹni tí ó bá ń wá "ìdílé Akure" kiri yóò rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Àwọn ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè má jẹ́ Akure rárá, nítorí pé nígbà tí ọmọ bá wọ ilé ìwé ni àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ ìdílé, èyí tí ó bá sì wá sẹ́nu ní ọjọ́ náà ni a ń kọ. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, orúkọ ìdílé kò lè mú wa ju ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Nígbà náà, kí ni yóò mú wa débẹ̀? Ìdáhùn mi kò ní ya ẹni tí ó mọ iṣẹ́ mi lẹ́nu. Orúkọ tí a fi àmì ohùn sí ni, àti oríkì tí a kò tún ṣe.

Ẹ gba orúkọ náà yẹ̀ wò. Kọ ogun láìsí àmì, kí o sì sọ fún mi ohun tí o kọ. Ogun tí a ń jà ni bí? Àbí Ògún, òrìṣà irin? Àbí ogún tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí ogún tí ó tẹ̀lé ọ̀kàndínlógún? Àbí Ògùn, odò tí ó kọjá ní Abẹ́òkúta? Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wá fi í sára orúkọ ènìyàn. Abogunde ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ètò. Bí ó bá jẹ́ Abógúndé, ẹni tí ó bá Ògún dé ni: ìdílé alágbẹ̀dẹ, ọdẹ tàbí olórìṣà ni ó ń tọ́ka sí. Bí ó bá jẹ́ Abógundé, ẹni tí ogun bá dé ni: ọmọ tí wọ́n bí lásìkò ogun, tàbí tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ogun wọ̀lú. Èkíní fún wa ní ẹ̀sìn ìdílé. Èkejì fún wa ní ọdún ìbí, tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn, fún ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn. Abogunrin náà nìyẹn: ṣé Ògún ni ó bá rìn ni, àbí ogun? Bí ìyá àgbà tí ó ń pe orúkọ náà bá ti kú, kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò dá a padà.

Ó dùn mí láti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìní irinṣẹ́ mọ́. Nígbà kan, ẹ̀rọ wọn kò ní àmì. Ní báyìí, fóònù tí ọmọ ìṣẹ́ atẹ̀wé fi ń gbọ́ orin lè kọ gbogbo rẹ̀. Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó ní Èkó ní 1875 láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè yìí. Ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní láti 1974. Àmọ́ àwọn ìdílé tí ń san owó ńlá lórí aṣọ ẹbí àti màlúù yóò sọ fún atẹ̀wé pé kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu pẹ̀lú "àwọn kòmóòkun yẹn".

Ní ti oríkì, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń ṣẹ̀ ẹ́ yàtọ̀. A ń tún un ṣe. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a tọ́ dàgbà ní Bàrígà, nítòsí Ládì-Lák. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pe ara wọn, ìwé ètò ìsìnkú baba àgbà rẹ̀ sì sọ pé baba ńlá wọn jẹ́ Balógun lábẹ́ Ògèdèǹgbé. Ó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Mo ní kí ó pa ìwé náà tì, kí ó lọ bá obìnrin tí ó dàgbà jù nínú ìdílé, kí ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá ti ń ki wọ́n láàárọ̀. Kí ó má bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ ṣáájú. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n ń ki ọmọ ilé. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù fún ọdún mélòó kan, ti fi èyí hàn kedere nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1991. Ọkùnrin máa ń sọ ìtàn tí ó bá ẹjọ́ ilẹ̀ mu. Obìnrin ń sọ ohun tí ó bá nílẹ̀.

Ohùn tí ó gbà wá dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyá àgbà náà ń sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà ketekete nígbà tí ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: ulé ni ó ń pe ilé, uṣu ni ó ń pe iṣu, bí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti ń fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kì í, u náà pòórá. Ilé ni, iṣu ni. Ó kúrò ní Iléṣà lẹ́nu, ó bọ́ sí Ọ̀yọ́ láìmọ̀. Ó sì ń pe àwọn ọmọ náà ní ọmọ Ìkòyí, orílẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ogun jíjà, tí ó sì jẹ́ ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú, wọ́n ti yọ Ìkòyí kúrò pátápátá, wọ́n fi oríkì Iléṣà rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ìyá àgbà "ṣì í kì". Kò ṣì í. Òun nìkan ni ó kì í bí ó ti gbà á.

Báwo ni ọmọ Ìkòyí ti ṣe dé abẹ́ Ògèdèǹgbé? Kò ṣòro láti rò. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni ènìyàn fi ń ti ibùdó kan bọ́ sí èkejì láyé ìgbà náà. Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ ti gbé láàárín àwọn ológun Ìbàdàn rí, kí ó tó di ọ̀tá wọn. Ó lè jẹ́ pé baba náà sá wá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n mú un lójú ogun, tí ó sì jagun fún ẹni tí ó mú un títí tí ó fi di ará ilé. Ilà ojú ì bá ti ràn wá lọ́wọ́, àbàjà tàbí pélé tàbí gọ̀ǹbọ́, ṣùgbọ́n ìran tí ó gbẹ̀yìn nínú ìdílé náà kò kọlà mọ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sì ti fi òpin sí i. (N kò bá ẹni tí ó ṣe òfin náà jà. Awọ ọmọdé kì í ṣe ìwé ìtàn.) Èèwọ̀ ìdílé ṣì wà, akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ó mú èyí dé ilé, wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kékeré kan béèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ìdí tí àwọn ìdílé fi ń sọ ọmọ ogun di Balógun kì í ṣe ìgbéraga nìkan. Ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ọmọ ogun tí kò joyè, tí a kò mọ orílẹ̀ rẹ̀, lè jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lógun, ní ọ̀pọ̀ agboolé wa títí di òní, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí oyè bá dé, ẹnìkan lè fọhùn láti ẹ̀yìn pé ẹrú ni baba wọn. Oyè Balógun jẹ́ odi tí a mọ yí ọmọ ká. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a wó odi náà nítorí ìmọ̀ gbọdọ̀ sọ ibi tí àwọn ọmọ náà yóò sùn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà pé òtítọ́ ni òtítọ́, kí a tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹni tí ó bá dùn dùn. N kò gbà fún wọn. Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé wọ́n kó baba ńlá ìdílé kan lógun, ìdílé náà ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, àwọn ni wọn yóò sọ ìgbà àti ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún. Èmi kì yóò bá wọn sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ wọn sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú pé kí a máa fi irọ́ bo ìtìjú tí kò yẹ kí ó jẹ́ ìtìjú. Ní Bàrígà kan náà ni CMS Grammar School wà, láti 1959 tí wọ́n ti kó o lọ síbẹ̀. Ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀gá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther. Wọ́n kó Àjàyí yìí lógun ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ni ó kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè wa jọ sínú ìwé tí ó jáde ní 1843. A mọ orúkọ ìyá rẹ̀, Àfàlà. A mọ ìlú rẹ̀. A mọ ọjọ́ tí ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n mú un ńkọ́? Kò sẹ́ni tí ó mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n bá ní àtọmọdọ́mọ ní Ṣómólú lónìí, mo mọ ohun tí ìwé ètò ìsìnkú yóò pè wọ́n.

Èyí ni mo ṣe ń bẹ àwọn ìdílé pé, bí wọn kò bá mọ oyè tí baba ńlá wọn jẹ, kí wọ́n kọ "ọmọ ogun", kí wọ́n sì dúró níbẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn bí ẹni tí ó dàgbà jù nílé ti ń pè é. Kí wọ́n tẹ oríkì bí ó ti jáde lẹ́nu, pẹ̀lú ulé rẹ̀ àti uṣu rẹ̀; bí ó bá sì jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ ni, kí wọ́n fi gh rẹ̀ sílẹ̀, kí atẹ̀wé má sọ ọ́ di w. Ojú ewé kan ni yóò gbà, kò tó èyí tí wọ́n fi àwòrán àwọn àna kún.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tí ì parí. Ìyá àgbà ṣì wà láàyè, ó sì ti gbà kí ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má mú bàbá kékeré dání. Lẹ́yìn ìyẹn, Ìkòyí ni ó kàn, Ìkòyí sì ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òmíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ti Ọ̀yọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ.